Orí Keje: Ẹ̀fọ́, Èso àti Olú tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbìn

Láti orí kìíní ìwé yìí ni a ti ń sọ̀rọ̀ ohun ọ̀gbìn: iṣu, àgbàdo, ẹ̀gẹ́, kòkó, ọ̀pẹ. Ní orí yìí, a fẹ́ yà sí ẹ̀gbẹ́ oko. Ohun jíjẹ tó ń lalẹ̀ hù ni a óò kọ́ nípa rẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni kò kọ ebè fún, tí a kò fi ajílẹ̀ sí, tó sì ti ń wọ inú ìkòkò ọbẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ní Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà, Oǹdó àti Òkè Ògùn, títí dé Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin.

Àwọn kan máa ń pè é ní oúnjẹ òtòṣì. Orúkọ burúkú ni, ó sì ti ba nǹkan jẹ́ púpọ̀, nítorí ọmọ tí wọ́n bá fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tọ́ yóò máa tijú láti tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ já ẹ̀fọ́, ibẹ̀ sì ni ìmọ̀ náà yóò parí sí nínú ilé yẹn. Ẹni tó gbin tẹ̀tẹ̀ mọ ohun tó gbìn àti ibi tó gbìn ín sí. Ẹni tó ń já ewé igbó kò ní irú ìrọ̀rùn bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ mọ ilẹ̀ tí ewé náà fẹ́, oṣù tó máa ń yọ, àmì tó yà á sọ́tọ̀ lára èyí tó jọ ọ́, bí a ṣe ń yọ oró inú rẹ̀ kúrò, àti ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ìmọ̀ ńlá ni èyí, ó sì yẹ kó wà nínú ìwé bí ìmọ̀ yòókù.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ìwọ̀nba ewé díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kàn, kí ó wo ilẹ̀ Benin. Ní 2008, àwọn onímọ̀ ohun ọ̀gbìn níbẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí ẹ̀fọ́ ìbílẹ̀ tí àwọn ará orílẹ̀-èdè náà ń jẹ. Oríṣi ewé 187 ni wọ́n kọ sílẹ̀. Nínú wọn, 47 péré ni àwọn ènìyàn ń gbìn. 140 tó kù, inú igbó, inú ọ̀dàn àti etí oko ni wọ́n ti ń já wọn wálé.

Láàárín oko àti igbó

Tí a bá ti ní "oúnjẹ inú igbó", ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ a máa lọ tààrà sí ẹgàn, igbó kìjikìji tí àdá kò kàn rí. Ẹgàn ní tirẹ̀, a óò dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ọwọ́ ènìyàn ti kàn ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀fọ́ wọ̀nyí ń hù sí. Ẹ̀bọ́lọ̀ fẹ́ràn ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán tí wọ́n sì sun. Irúgbìn rẹ̀ fúyẹ́, ó ní irun funfun lórí bí òwú, afẹ́fẹ́ ló sì ń gbé e kiri, tó fi jẹ́ pé ibikíbi tí oòrùn bá ti ráyè kan ilẹ̀ lójijì ni yóò ti yọ. Tẹ̀tẹ̀ fẹ́ àkìtàn, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ lọ́ràá. Òdú a máa hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àti lórí oko tí wọ́n ti kórè rẹ̀. Kò yani lẹ́nu pé àwọn àgbà ní òdú kì í ṣe àìmọ̀ olóko. Gbúre ń wá ibi tó tutù, nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí lẹ́yìn balùwẹ̀. Yánrin ní tirẹ̀ a tẹ́ ewé sílẹ̀ pẹrẹsẹ lójú ọ̀nà oko àti nínú ọ̀dàn.

Ẹ kíyè sí gbúre dáadáa. Àwọn onímọ̀ gbà pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó móoru ló ti ṣẹ̀ wá. Àlejò ni nígbà kan rí, àwọn ìyá wa wò ó, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n fún un lórúkọ, wọ́n sì mọ ọbẹ̀ tó bá a mu. Ìmọ̀ tí à ń sọ yìí kì í ṣe ohun tí àwọn baba ńlá dì lẹ́rù kalẹ̀ tí kò sì yí padà mọ́. Ojoojúmọ́ ni ó ń pọ̀ sí i níbi tí àwọn ènìyàn bá ti ń rìn lórí ilẹ̀ pẹ̀lú ojú tó là.

Ẹ jẹ́ kí a tẹjú mọ́ ewé kan, worowó. Ìtàkùn ni, ara rẹ̀ tutù, omi kún inú igi rẹ̀, ewé rẹ̀ sì ń dán. Kò fẹ́ oòrùn tó le. Nígbà tí kòkó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti Oǹdó, abẹ́ kòkó di ibùgbé fún un: òjìji wà níbẹ̀, ewé jíjẹrà wà nílẹ̀, igi tí yóò rọ̀ mọ́ sì wà. Obìnrin tó mọ̀ ọ́n já kì í fà á tu. Yóò fi ọwọ́ òsì gbá ìtàkùn náà mú, yóò fi èékánná àtàǹpàkò ọ̀tún já orí rẹ̀ àti ewé mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó tẹ̀ lé e, yóò sì fi èyí tó kù sílẹ̀ mọ́ ara igi kòkó. Láìpẹ́, ẹ̀ka tuntun yóò yọ ní ìsàlẹ̀ ibi tó ti já a. Bí ó bá dé ilé, tó ṣa ewé tán, igi líle tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀ kì í di ìdọ̀tí. Yóò rì í mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé, níbi tí omi ìwẹ̀ ń gbà kọjá, nítorí gígé ẹ̀ka rẹ̀ ni a fi ń mú worowó pọ̀.

Ǹjẹ́ ewé igbó ni worowó, àbí ohun ọ̀gbìn? Ó wà láàárín méjèèjì. Nígbà mìíràn, àgbẹ̀ tó ń ro oko yóò kàn yẹra fún un pẹ̀lú ọkọ́. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, yóò gbé igi tì í kí ó lè gùn. Ẹlòmíràn yóò gbé e wálé, ẹlòmíràn yóò sì fi ilẹ̀ kan sílẹ̀ fún un pátápátá. Ọ̀nà yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú ohun tí à ń pè ní ohun ọ̀gbìn lónìí gbà wọ inú oko. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ àgbẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ láyé kò nílò láti rìn jìnnà. Kí ó wo ẹ̀yìn ilé ìyá rẹ̀ àgbà.

Dídá ewé mọ̀

Imú, ahọ́n àti ìka ọwọ́ ló ń ṣiṣẹ́ yìí pẹ̀lú ojú. Ẹ̀bọ́lọ̀ ní òórùn tó yàtọ̀. Bí a bá fi ìka méjì rún ewé rẹ̀, ẹni tó ti gbọ́ ọ rí kò ní ṣì í mọ̀. Orí òdòdó rẹ̀ a máa tẹrí ba, àwọ̀ rẹ̀ sì pọ́n díẹ̀ ní ṣóńṣó. Yánrin a máa ṣe omi funfun bíi wàrà níbi tí a bá ti já a, ó sì korò lẹ́nu. Tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún ní ẹ̀gún ṣóńṣó méjì ní ìsàlẹ̀ ewé kọ̀ọ̀kan, èyí kò sí lára àwọn tẹ̀tẹ̀ yòókù tí a ń jẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi í sílẹ̀ fún ẹran nítorí ẹ̀gún yẹn, ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ dùn, tẹ̀tẹ̀ kì í sì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́. Òdú ní òdòdó funfun kékeré àti èso róbótó tó ń dúdú bó bá pọ́n. Ewé rẹ̀ ni a ń jẹ. Èso rẹ̀ tútù, kí ọmọdé má fi kan ẹnu rárá, nítorí oró wà nínú rẹ̀.

Bí ìyá bá mú ọmọ dání lọ sí oko, kì í kọ́ ọ ní gbogbo èyí lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ yóò já ewé kan, yóò gbé e wá: "Màámi, ṣé òun náà nìyí?" Ìyá kò ní sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Yóò ní kí ó rún un, kí ó gbóòórùn rẹ̀, kí ó sọ ohun tó gbọ́. Bí kì í bá ṣe òun, yóò fi èyí tó jẹ́ òun gan-an sí ọwọ́ rẹ̀ kejì, kí ó lè mú méjèèjì pọ̀. Mo ka ọ̀nà ìkọ́ni yìí sí ọ̀kan lára èyí tó dára jù lọ tí mo mọ̀, mo sì fẹ́ kí àwọn olùkọ́ tó ń lo ìwé yìí máa lò ó nínú kíláàsì.

Orúkọ a máa yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú. Ní apá ilẹ̀ Benin, gbọ́lọ̀ ni wọ́n ń pe ẹ̀bọ́lọ̀ àti ìbátan rẹ̀. Nítorí èyí ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ fi ń pe ewé fi wúlò: Crassocephalum crepidioides ni ẹ̀bọ́lọ̀, Solanecio biafrae ni worowó, Launaea taraxacifolia ni yánrin, Talinum fruticosum ni gbúre. Ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí igbó tí ìjọba àpapọ̀ ní sí Jẹ́rìkọ̀, ní Ìbàdàn, ibi ìpamọ́ ńlá kan wà fún ewé gbígbẹ tí a lẹ̀ mọ́ pátákó bébà, pẹ̀lú orúkọ, ibi tí wọ́n ti já a àti ọjọ́ tí wọ́n já a. Bí iyèméjì bá wà lórí ewé kan, irú ibẹ̀ ni a ti ń yanjú rẹ̀.

Olú

Ọ̀rọ̀ olú gba ìṣọ́ra ju ti ewé lọ. Ní 1975, onímọ̀ kan, B. A. Oso, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú ìwé ìmọ̀ tí a ń pè ní Mycologia lórí olú àti àwọn Yorùbá, ó sì fi hàn pé àwọn ènìyàn wa ní orúkọ fún ọ̀pọ̀ oríṣi, wọ́n mọ èyí tó ṣeé jẹ, èyí tó wà fún egbòogi, àti èyí tí a kì í fọwọ́ kàn. Lára wọn ni olú ọ̀ràn, wẹ́wẹ́ funfun tó máa ń bo ilẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu nítòsí ibi tí ikán wà. Òhú wà pẹ̀lú, èyí tó máa ń ta iṣu líle sínú igi jíjẹrà tàbí sínú ilẹ̀. Iṣu náà ni wọ́n ń bó, tí wọ́n ń lọ̀ sínú ọbẹ̀.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù nínú ọ̀rọ̀ olú ni àjọṣe tó wà láàárín òun àti ikán. Nínú òkìtì, ikán ń kó igi àti ewé gbígbẹ jọ, wọ́n ń fi ìgbẹ́ wọn mọ ọ́n bí ilé, lórí rẹ̀ ni irú olú kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Termitomyces ti ń hù. Ikán ń jẹ ohun tí olú náà bá ti rọ̀. Bí òjò bá rọ̀ dáadáa, olú yóò na ẹsẹ̀ gùn láti inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún, yóò sì tanná sójú ilẹ̀. Nítorí pé òkìtì kì í rìn, ibi kan náà ni olú yìí máa ń yọ sí lọ́dọọdún. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ yóò fi í ṣe ogún fún ọmọ rẹ̀, kò sì ní pariwo rẹ̀ lọ́jà.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri tó lè pani, a sì gbọ́dọ̀ kọ̀ wọ́n. Wọ́n ní olú tí ìgbín tàbí kòkòrò bá ti jẹ kò lóró. Irọ́ ni: ìgbín a máa jẹ olú tí yóò pa ènìyàn, kò sì ní ṣe é ní nǹkan kan. Wọ́n ní bí a bá se é pẹ̀lú àlùbọ́sà, àwọ̀ àlùbọ́sà yóò fi oró hàn. Èyí náà kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn oró kan nínú olú kì í tètè fara hàn. Ó lè tó wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí inú tó bẹ̀rẹ̀ sí í run ẹni tó jẹ ẹ́, nígbà yẹn ó ti ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò gbọdọ̀ jẹ olú igbó tí àgbà tó mọ̀ ọ́n kò fi ojú ara rẹ̀ rí kó tó wọ ìkòkò.

Yíyọ oró kúrò

Iná àti omi ni irinṣẹ́ àwọn ìyá wa. Gbúre ní ásíìdì kan tí wọ́n ń pè ní oxalic nínú púpọ̀, òun ló máa ń mú kí eyín ẹni dà bí ẹni pé ó há. Bí a bá bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, tí a sì da omi náà nù, ásíìdì yẹn yóò dín kù gan-an. Yánrin àti òdú, wọ́n ń bọ̀ wọ́n, wọ́n ń fún wọn, kí kíkorò wọn lè rọlẹ̀ kí wọ́n tó lọ sínú ata àti irú.

Iṣu igbó ló le jù. Gúdúgúdú àti àwọn ìbátan èsúrú tó ń hù fúnra wọn nínú igbó ní oró tó ń mú gìrì dání, tó sì lè pa ènìyàn. Ní ìgbà ìyàn, àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń jẹ wọ́n, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ ni: wọ́n ń gé e wẹ́wẹ́, wọ́n ń rẹ ẹ́ sínú omi tó ń ṣàn, wọ́n ń se é, wọ́n sì tún ń rẹ ẹ́. Mo kọ èyí sílẹ̀ kí a lè mọ bí ìmọ̀ àwọn tó wà ṣáájú wa ti jinlẹ̀ tó; kò sí ìdí kankan fún ẹnikẹ́ni láti dán an wò nílé.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà nípa ẹ̀bọ́lọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wa fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti rí èròjà kan tí wọ́n ń pè ní jacobine nínú rẹ̀, irú èyí tó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ bí ó bá pọ̀ lára fún ìgbà pípẹ́. Àwọn ìyá wa kò ní ọ̀nà tí wọ́n fi lè rí i, nítorí kì í ṣe ohun tó ń pani lójú ẹsẹ̀. Kí a máa jẹ ẹ̀bọ́lọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láàárín ẹ̀fọ́ mìíràn, kí a má fi í ṣe ọbẹ̀ ojoojúmọ́, pàápàá fún aláboyún àti ọmọ kékeré. Ìmọ̀ ìbílẹ̀ àti ìmọ̀ yàrá ìwádìí gbọ́dọ̀ máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn.

Inú ẹgàn: àwọn èso tó dùn

Nígbà ọyẹ́, àgbálùmọ̀ àti àwìn dé. Lẹ́yìn náà, bí òjò ti ń pọ̀, òro àti ìyeyè yóò máa já bọ́. Òro ní iṣẹ́ méjì: ara rẹ̀ ni àwọn ọmọdé ń jẹ, àpọ̀n inú rẹ̀ sì ni àwọn àgbà ń wá. Wọ́n ń fi àdá la èso náà sí méjì, wọ́n ń fi ọ̀bẹ yọ àpọ̀n funfun inú rẹ̀, wọ́n ń sá a sí oòrùn títí yóò fi gbẹ, ìyẹn ni à ń lọ̀ sínú ọbẹ̀ tó ń fà.

Èso méjì ni mo fẹ́ kí a dúró tì. Èkíní ni agbáyun, èso pupa kékeré orí igi tí kì í ga púpọ̀. Bí ènìyàn bá jẹ ẹ́, tó wá fi ọsàn wẹ́wẹ́ sẹ́nu, ọsàn náà yóò dùn. Adùn inú rẹ̀ fúnra rẹ̀ kéré. Prótéènì kan ló ń lẹ̀ mọ́ ibi tí ahọ́n fi ń mọ adùn, tí ohun kíkan bá sì ti kàn án, ahọ́n yóò gbà pé adùn ni. Ní 1725, Chevalier des Marchais, ará Faransé, rí i ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pé àwọn ènìyàn ń jẹ èso náà kí wọ́n tó jẹun. Ní 1968 ni Kenzo Kurihara àti Lloyd Beidler ṣàlàyé prótéènì náà, tí a mọ̀ sí miraculin. Ó lé ní igba ọdún láàárín méjèèjì, ní gbogbo ìgbà yẹn, àwọn ọmọ abúlé mọ ohun tí agbáyun ń ṣe.

Èkejì ni èso ewé eéran. Gbogbo wa mọ ewé eéran: òun ni a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ, òun ni a fi ń di ìrẹsì Ọ̀fadà. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo ìdí rẹ̀. Níbẹ̀, lórí ilẹ̀, lábẹ́ ewé jíjẹrà, ni èso rẹ̀ máa ń fara pamọ́ sí, pupa, onígun mẹ́ta, pẹ̀lú kóró dúdú líle nínú. Ohun rírọ̀ kan wà mọ́ ìdí kóró náà tó ń dùn lẹ́nu fún ìgbà pípẹ́. Ní 1972, àwọn onímọ̀ méjì, van der Wel àti Loeve, yọ prótéènì méjì jáde lára rẹ̀, wọ́n pè wọ́n ní thaumatin. Ó dùn ju ṣúgà lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 2,000 bí a bá fi ìwọ̀n kan náà wọ̀n wọ́n. Ó ti di ohun tí ilé-iṣẹ́ ń tà káàkiri ayé báyìí. Nínú igbó wa, obìnrin tó ń já ewé eéran tà máa ń tẹ èso náà mọ́lẹ̀ kọjá, nítorí kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ó lówó lórí. Ó dùn mí pé bẹ́ẹ̀ ló rí.

Irúgbá àti òrí

Ní ọ̀dàn Òkè Ògùn àti Ìlọrin, igi méjì kan wà tí àgbẹ̀ kì í gé bó bá ń ṣán oko. Irúgbá ni ọ̀kan. Ìyẹ̀fun ofeefee tó wà nínú póòpó rẹ̀ ṣeé jẹ, ó sì ṣeé pò mu, ṣùgbọ́n kóró inú rẹ̀ ló sọ ọ́ di ọba igi. Kóró náà le tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń fi odidi ọjọ́ kan sè é. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ tàbí kí wọ́n gún un kí èèpo rẹ̀ lè bọ́, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á tún un sè, wọ́n á wá dà á gbígbóná sínú igbá, wọ́n á fi ewé bò ó, wọ́n á wé e kí ooru má bàa jáde. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì sí mẹ́rin, irú ti dé, òórùn rẹ̀ ti gba ilé. Kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí, Bacillus subtilis, ló ṣe iṣẹ́ náà. Ẹnikẹ́ni kò rà á, ẹnikẹ́ni kò dà á sí i. Ara ewé, igbá àti kóró fúnra rẹ̀ ló wà.

Òrí ni èkejì. Èso rẹ̀ dùn, ara rẹ̀ rọ̀, kóró rẹ̀ ni a ń fún òrí jáde lára rẹ̀. Igi òrí lè lò tó ọdún 15 sí 20 kí ó tó so fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹni tó bá gé ọ̀kan lulẹ̀ lónìí, ọmọ tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí yóò ti dàgbà kí òmíràn tó rọ́pò rẹ̀.

Ta ló ni ín?

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbìn kì í ṣe ohun tí kò ní òfin. Ẹ̀fọ́ etí ọ̀nà, ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ ló ni ín. Èso tó bá fúnra rẹ̀ já bọ́ sílẹ̀ nínú igbó, ti ẹni tó ṣà á ni ní ọ̀pọ̀ abúlé, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ fi ń jí ní kùtùkùtù lọ sí ìdí àgbálùmọ̀. Ṣùgbọ́n irúgbá àti òrí yàtọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, àlejò tó gba ilẹ̀ dá oko lè gbin iṣu àti àgbàdo rẹ̀, àmọ́ irúgbá tó bá níbẹ̀, ti onílẹ̀ ni.

Ààlè ni wọ́n fi ń sọ ọ́ láìsí ọ̀rọ̀ ẹnu. Súkù àgbàdo, àkísà pupa, màrìwò, ìkarahun ìgbín tàbí bàtà gbígbó, wọ́n á so ó mọ́ ara igi tàbí kí wọ́n gbé e lé òkìtì tí wọ́n ti kó jọ. Ẹni tó bá rí i mọ̀ pé ohun náà ti ní olówó, àti pé ègún ń bẹ lórí ẹni tó bá fọwọ́ kàn án. Mo rò pé ó yẹ kí àwọn tó ń ṣe òfin igbó lónìí wo bí ohun kékeré bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣọ́ igi láìsí ọlọ́pàá.

Ohun tó ń pa wọ́n run

Tẹ́lẹ̀, àgbẹ̀ yóò dáko fún ọdún díẹ̀, yóò sì fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ kí ó sinmi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nínú àkókò ìsinmi yẹn ni ìtàkùn, olú, ewé àti igi eléso ń padà wá. Nísinsìnyí tí ilẹ̀ ti kéré, ìsinmi ti kúrú, níbòmíràn kò sí mọ́. Ní Òkè Ògùn, òrí àti irúgbá tí àgbẹ̀ kì í gé pàápàá, àwọn kan ti ń gé wọn fi sun èédú.

Èyí tó burú jù lójú tèmi ni oògùn apakoríko. Ohun tí ìyá ń pè ní ẹ̀fọ́, koríko ni lójú ẹni tó gbé agolo oògùn kọ́ ẹ̀yìn. Bí ó bá fọ́n ọn lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀bọ́lọ̀, òdú, tẹ̀tẹ̀ àti gbúre á lọ pọ̀. Ewu rẹ̀ kò pin síbẹ̀: ewé tí wọ́n fọ́n irú oògùn bíi glyphosate sí lè tutù yọ̀yọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Nítorí náà, ojú kò lè sọ fún yín. Ẹ bi olóko kí ẹ tó já ohunkóhun. Bákan náà ni worowó abẹ́ kòkó: ìgbà òjò tó ń ta dáadáa gan-an ni àwọn àgbẹ̀ ń fọ́n oògùn sí kòkó nítorí àrùn tó ń mú èso rẹ̀ dúdú, oògùn náà á sì kán lé ewé nísàlẹ̀.

Àwọn kan ń gbìyànjú láti dáàbò bò wọ́n. Láti 1987 ni ilé-iṣẹ́ kan ti wà ní Moor Plantation, Ìbàdàn, tí a mọ̀ sí NACGRAB, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tọ́jú irúgbìn ìbílẹ̀. Igbó ọba Òmò ní ìpínlẹ̀ Ògùn ṣì ní ẹgàn díẹ̀. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia ní Brazil pàápàá kò jẹ́ kí tiwọn parẹ́: títí di òní, efó ni wọ́n ń pe ọbẹ̀ ewé, epo pupa àti edé gbígbẹ níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewé tí wọ́n rí lórí ilẹ̀ tuntun, irú bíi taioba, ni wọ́n fi ń sè é.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ tẹ̀ lé àgbà kan nínú ẹbí yín lọ sí etí oko ní òwúrọ̀ kan lẹ́yìn òjò. Ẹ má mú ju oríṣi ewé mẹ́ta lọ. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ tí àgbà náà pè é sílẹ̀, irú ilẹ̀ tó hù sí, ohun tó wà nítòsí rẹ̀, àmì tó fi dá a mọ̀, àti bí wọ́n ṣe ń sè é. Ẹ fi ẹ̀ka kan tó ní òdòdó sáàárín ìwé ìròyìn, ẹ gbé nǹkan wúwo lé e títí yóò fi gbẹ, kí ẹ sì mú un wá sí kíláàsì. Ẹ má tọ́ ohunkóhun wò fúnra yín.

Ẹ jíròrò èyí ní ẹgbẹẹgbẹ́: àgbẹ̀ kan ní òun kò lówó tí òun yóò fi gba àwọn tí yóò bá òun ro oko, nítorí náà òun gbọ́dọ̀ fọ́n oògùn. Ìyá kan ní ẹ̀fọ́ tó ń hù nínú oko yẹn ni òun fi ń bọ́ ọmọ òun. Oko náà jẹ́ ti àgbẹ̀. Irú àdéhùn wo ni àwọn méjèèjì lè ṣe, apá ibo nínú oko ni ẹ óò fi sílẹ̀ láìfọ́n oògùn sí, kí sì nìdí tí ẹ fi yan ibẹ̀?